Karo Ló Ń Dì Í Mú, Iná Ló Ń So Ó Pọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Àgékù Fèrèsé Ṣe Àwòrán Dígí

Gọ́ọ̀mù àpọ̀jù ló ń ba iṣẹ́ fífi iná so èérún dígí pọ̀ di àwòrán jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Karo, oje igi, ni gọ́ọ̀mù tiwa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń rò pé gọ́ọ̀mù ni yóò so èérún dígí pọ̀, á wá máa dà á lé e bí ẹni ń po sìmẹ́ǹtì. Iná ni yóò so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ gọ́ọ̀mù kò ju kí ó di èérún kọ̀ọ̀kan mú síbi tí ẹ gbé e kà títí iná yóò fi ràn dé ibẹ̀. Bí iná bá ti dé, ó yẹ kí gọ́ọ̀mù jóná tán, kó bá tirẹ̀ lọ láìfi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ lẹ máa rí bí èérí dúdú nínú dígí, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni àwòrán pẹlẹbẹ kan, sẹ̀ǹtímítà 15 ní òró, 15 ní ìbú, tí ẹ lè gbé kọ́ ojú fèrèsé tàbí kí ẹ fi férémù gbé e sára ògiri. Dígí fèrèsé funfun ni ìdí rẹ̀, èérún dígí aláwọ̀ ni àwòrán orí rẹ̀. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ òyìnbó o. Ní Bida, ní Ìpínlẹ̀ Niger tó múlé gbe Abuja, àwọn Masaga, ìyẹn àwọn Núpé tó jogún iṣẹ́ dígí, máa ń yọ́ ìgò nínú iléru amọ̀, wọ́n á máa fi ẹwìrì fẹ́ iná, wọ́n á sì fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ náà, Igbó Olókun ni wọ́n ti hú ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí láyé àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwọn: a kò fẹ́ kí dígí ṣàn, rírọ̀ la fẹ́ kó rọ̀ títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ra.

Dígí tí ẹ máa lò

Gbogbo dígí ló ń wú bó bá gbóná, tó sì ń súnkì bó bá ń tutù, àmọ́ wọn kì í súnkì dọ́gba. Bí ẹ bá yọ́ méjì tí ìsúnkì wọn yàtọ̀ pọ̀, iṣẹ́ náà lè jáde nínú ààrò láìní àléébù kankan, kí ẹ ti yà á ní fọ́tò, kí ẹ ti gbé e sí Instagram, kó wá dún "pà!" lórí tábìlì lọ́jọ́ kẹta. Nítorí náà, irú dígí kan náà ni ìdí àti èérún gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ní Abuja, dígí fèrèsé ló rọrùn jù láti rí. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù wà ní Dei-Dei, ẹ ó sì rí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kubwa, ní Lugbe, ní Karu. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín kó àgékù jọ kí baban bola, ìyẹn àwọn tó ń ṣa pàǹtí kiri, tó wá gbé e lọ. Funfun onímìlímítà 4 ni ti ìdí. Ti èérún ni aláwọ̀: búráǹsì, búlùú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, irú èyí tó kún ojú ilé nílùú yìí. Kí ẹ tó gbà á, ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e. Bí àwọ̀ bá wà nínú etí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú dígí gan-an ni àwọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló dúdú tàbí tó ń dán bíi jígí, ṣe ni wọ́n bò ó. Ìbòrí yẹn yóò ká jọ tàbí kó jóná mọ́ iṣẹ́ yín lára. Etí dígí funfun máa ń rí bí àwọ̀ ewé díẹ̀ bí ẹ bá wò ó gbọọrọ. Ìyẹn kò burú, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìgò ọtí náà ṣeé lò, bí ẹ bá máa fi ìgò kan ṣoṣo ṣe odindi iṣẹ́, láìsí ìdí fèrèsé lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má da ìgò méjì pọ̀ torí pé àwọ̀ wọn jọra. Ìgò mínírà tó ní lẹ́tà lára, ọ̀dà tí wọ́n fi iná sun mọ́ ọn ni. Kì í ṣí, kì í jóná, àfi kí ẹ yọ apá yẹn sọ nù.

Ẹ má mú dígí iwájú mọ́tò, rọ́bà wà láàrin rẹ̀. Ẹ má mú àwo dígí tí wọ́n fi ń yan nǹkan nínú ààrò, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í súnkì tó ìdajì ti fèrèsé. Ẹ má mú jígí ìwojú. Gílóòbù gígùn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun, ìyẹn ẹ má tilẹ̀ gbé òòlù súnmọ́ ọn: mákúrì wà nínú rẹ̀, májèlé ni.

Bó bá ń ṣe yín bíi pé aláwọ̀ yìí àti funfun yìí lè má bára mu, ìdánwò kan wà tí kò ní náni lówó púpọ̀. Ẹ gé funfun ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 3 àti gígùn 10, ẹ to ègé aláwọ̀ bí ìdajì èékánná lé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì sun ún bí ẹ ó ṣe sun iṣẹ́ gidi. Tó bá tutù tán, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun báláú. Ẹ mú awò òòrùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní polarised, ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn níwájú kọ̀ǹpútà náà títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Ẹ wá gbé dígí ìdánwò sáàrin àwọn méjèèjì. Ègé tí gbogbo etí rẹ̀ dúdú bára mu. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ yí ká bí agbo tó máa ń yí òṣùpá ká ń fa ìdí rẹ̀ ya lábẹ́lẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ yóò fọ́.

Rírún

Odó igi kò ṣeé lò, odó tí ẹ fi ń gún nǹkan jíjẹ kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ẹ ní kí wẹ́dà bá yín jó páìpù irin onínṣì 3 mọ́ irin pẹlẹbẹ tó nípọn, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó sì wá irin gbọọrọ tó wúwo tó lè wọ inú rẹ̀ ṣe ọmọ odó. Ẹ kọ́kọ́ di àgékù dígí sínú aṣọ tó nípọn, ẹ fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ tó dà á sínú páìpù níwọ̀n ìkúnwọ́ kan. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí eruku má baà gbéra.

Bí ẹ ṣe máa gún un ṣe pàtàkì. Ẹ gbé irin sókè, ẹ jẹ́ kó já lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun ni gbogbo rẹ̀ yóò dà, ìyẹ̀fun kì í sì í fún yín ní àwọ̀. Gún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, dà á jáde, gbé e sóòrùn kó gbẹ, sẹ́ ẹ, dá èyí tó ṣì tóbi padà. Ó lọ́ra, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ní èérún tó dọ́gba.

Gọ́gù lójú, ìbọ̀wọ́ awọ lọ́wọ́, ìbomú N95 nímú. Kì í ṣe ìbomú aṣọ. Eruku dígí kì í jẹrà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó bá jókòó sí ló wà. Ẹ má ṣe é nínú ilé ìdáná, ẹ má tan fáànù, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ tí ẹ bá parí. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀.

Asẹ́ mẹ́ta tó. Asẹ́ gàrí tí ojú rẹ̀ là yóò dá kókó dúró. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti ojú fèrèsé yóò dá èyí tó dà bíi yanrìn dúró. Asẹ́ tíì yóò ya ìyẹ̀fun sọ́tọ̀. Ẹ kó wọn sínú ike mẹ́ta fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ sí i lára. Ohun tó fà á tí a fi ń yà wọ́n nìyí: afẹ́fẹ́ tó há sáàrin èérún ló ń jẹ́ kí dígí ṣú lẹ́yìn tó bá yọ́. Kókó kò ní ojú púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ lè há sí, nítorí náà yóò mọ́ gaara. Ìyẹ̀fun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò funfun bí omi ẹ̀kọ. Àwọ̀ náà á tún fúyẹ́: búráǹsì tó dúdú dáadáa nínú fèrèsé á dà bí tíì tí wọ́n bu omi lé tí ẹ bá rún un. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Irin tó fi ara gbo irin nínú páìpù máa ń já sínú èérún. Ẹ fi òòfà sínú ọ̀rá, ẹ fi yí inú èérún gbígbẹ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó rí irun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fò ó, àmì búráùn ni yóò hù sójú iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn òòfà, ẹ fi omi ṣàn án nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí omi yóò fi mọ́, ẹ sá a, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó. Nígbà ọyẹ́, bí ẹ kò bá bò ó, eruku tí ẹ fọ̀ kúrò yóò padà wá kí tó di ìrọ̀lẹ́.

Mélòó ni ẹ máa rún? Dígí tó gbóná dé ojú ìyọ́ máa ń fẹ́ dúró ní nǹkan bíi mìlímítà 6 ní nínípọn. Bó bá tinrin ju bẹ́ẹ̀ lọ, á súnkì jọ, á sì lu ihò. Bó bá nípọn jù, á tàn kálẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan gba gíráàmù 1.5 kí ó tó lè pé mìlímítà 6. Iṣẹ́ wa jẹ́ 225 lójú, nítorí náà gbogbo rẹ̀ yóò wọn nǹkan bí 337. Ìdí onímìlímítà 4 ti kó 225 nínú rẹ̀. Gíráàmù 112 ló kù fún èérún. Tí ẹ bá tò ó, yóò ga tó mìlímítà 4 lójú yín, ẹ má bẹ̀rù, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, yóò wálẹ̀. Ẹ rún tó 150, torí ìyẹ̀fun tí yóò ṣòfò.

Karo

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Top Bond, ṣeé lò bí ẹ bá fi omi là á dáadáa: ṣíbí kan sí ṣíbí omi márùn-ún. Ṣùgbọ́n níbi tí a wà ní ìhà Àríwá yìí, èyí tó dára jù wà lọ́jà láìwọ́n: karo, oje tó ń sun lára igi akéṣíà ẹlẹ́gùn-ún, tó ń wá láti ìhà Borno, Yobe àti Jigawa. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mallam tó ń ta èròjà ìbílẹ̀ ní ọjà Garki tàbí Wuse. Ó máa ń dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Oje yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ tàdáwà kó lè lẹ̀ mọ́ wàláà. Ó ń jóná mọ́ tónítóní, ìdí sì nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti káfíńtà lọ.

Ẹ gún gíráàmù 20, ẹ rẹ ẹ́ sínú mìlílítà 60 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ sẹ́ ẹ, torí pé èèpo igi àti yanrìn kì í wọ́n nínú rẹ̀. Èyí ni ìyá gọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ bu ṣíbí kan sínú ṣíbí omi márùn-ún. Tí ẹ bá fi ìka méjì mú un tí ẹ yà wọ́n, ó yẹ kó fà díẹ̀ kó sì já kíá. Bó bá ń fà yọọ bí ilá, ó ti ki jù. Ìyá gọ́ọ̀mù a máa kan, nítorí náà inú fíríìjì ni kó wà, kó má sì kọjá ọ̀sẹ̀ kan.

Súpà gulúù, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn oníbàtà ń lò, gọ́ọ̀mù onílílọ̀pọ̀ méjì (epoxy): ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èéfín wọn burú nínú ààrò, onílílọ̀pọ̀ méjì sì máa ń di èédú mọ́ dígí lára.

Ilẹ̀ ààrò

Dígí gbígbóná yóò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé, àfi amọ̀ funfun. Káólìn la ń lò, èyí tó wà ní Kankara ní Ìpínlẹ̀ Katsina lókìkí. Bí ẹ bá rí alúmínà háídíréètì, ìyẹ̀fun funfun kan tí iná kì í yọ́, rà, ẹ pò wọ́n ní dọ́gbadọ́gba. Bí ẹ kò bá rí i, káólìn nìkan yóò ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé yóò máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ díẹ̀. Ṣíbí kan sí omi márùn-ún, kó ṣàn bíi mílíìkì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún sí pẹpẹ ààrò lẹ́ẹ̀mẹ́rin: lóròó, níbùú, lóròó, níbùú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ọ̀rinrin tó bá kù nínú rẹ̀ yóò di afẹ́fẹ́ lábẹ́ dígí, yóò sì ti ìdí sókè bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.

Ààrò kékeré oníná mànàmáná tó ń jẹ kílówáàtì 3 ló bá iṣẹ́ yìí mu, kó sì ní ohun tí ń ka ìwọ̀n ooru. Jẹnẹrétọ̀ I-pass-my-neighbour kò lè gbé e, kí ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Onílówáàtì 5,000 sókè ni. Àwọn kan máa ń bẹ amọ̀kòkò pé kó bá àwọn fi dígí sáàrin ìkòkò tirẹ̀, pàápàá ní ìhà Suleja tí iṣẹ́ amọ̀ ti rinlẹ̀ láti ìgbà Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tó lókìkí. A kò dábàá rẹ̀. Iná ìkòkò máa ń kọjá 900°C, dígí yóò ṣàn, yóò sì lẹ̀ mọ́ pẹpẹ onípẹpẹ, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Títò

Ẹ fi ọṣẹ fọ ìdí, ẹ fi sípíríìtì nù ún, láti ìgbà náà lọ, etí nìkan ni kí ọwọ́ kàn. Ọ̀rá ìka ọwọ́ máa ń hàn lẹ́yìn iná bí ojú tó ń ṣú.

Ẹ ya àwòrán sórí pépà, ẹ gbé pépà sábẹ́ dígí, ẹ ó máa rí ojú ìlà. Ká ní Àpáta Zuma tó wà lójú ọ̀nà Abuja sí Kaduna lẹ fẹ́ ṣe: àwọ̀ eérú àti búráǹsì fún àpáta, búlùú fún òfúrufú, àwọ̀ ewé fún igbó ìsàlẹ̀. Àwọn ìlà funfun tó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta náà, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ojú àti ẹnu ni, ìyẹ̀fun dígí funfun ni kí ẹ fi ṣe é. Èyí tí a pè ní àléébù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé ó ń funfun, òun gan-an la nílò níbí.

Apá kan ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa karo sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ kán ẹ̀kán kan síbi tó fẹ̀ tó owó ẹyọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ títí yóò fi kù bí ìrì lásán. Ẹ fi ṣíbí kékeré wọ́n èérún tó dà bíi yanrìn lé e. Ẹ fi igi ìtayín tì í dé ojú ìlà, kí etí rẹ̀ mú. Kókó ló kàn, lórí rẹ̀, níbi tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ jinlẹ̀. Ìyẹ̀fun ló gbẹ̀yìn, láti inú asẹ́ tíì tí ẹ ń fi ìka lù pẹ́pẹ́. Tí apá kan bá ga tó bó ṣe yẹ, ẹ bu karo tí ẹ tún là lẹ́ẹ̀kan sí i sínú ike tó ń fín omi, ẹ fín in lókè lẹ́ẹ̀kan, láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá súnmọ́ jù, atẹ́gùn rẹ̀ á tú gbogbo ohun tí ẹ tò.

Ẹ fi mìlímítà 5 sílẹ̀ ní gbogbo etí. Ẹ má fi karo sí ẹ̀yìn ìdí. Kò sí ohun tí ó ń dì mú níbẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì ní rọ́nà jáde.

Gbígbẹ wá kù. Nígbà ọyẹ́, wákàtí 8 tó, àmọ́ nínú ilé ni kó wà. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì gbáko. Tó bá gbẹ, ẹ gbé e dàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ da omi: èérún tó bá yọ̀ kúrò kò rí karo, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá etí. Èérún kan tó bá já sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí yóò di ẹ̀gún tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Iná

Wákàtí 10 sí 11 ni iná gbọ́dọ̀ fi wà láìdánu dúró. Àdúgbò Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ló rọrùn jù. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kó gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó tan ààrò.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 540°C, kí ó máa gun 150 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan títí yóò fi dé 500. Ibẹ̀ ni karo ti ń jóná, ó sì nílò afẹ́fẹ́ kí ó tó lè jóná tán. Ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ bíi ṣúgà tó ń jó. Nígbà tí òórùn yẹn bá tán, ẹ pa ìdérí dé. Ẹ dúró ní 540 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ tún fi 150 lọ sí 680, ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn, kí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ lè rápálá jáde kí etí tó lẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ yára. Láàárín 700 sí 760, dígí fèrèsé máa ń fẹ́ dì bí iyọ̀, ojú rẹ̀ á sì pàdánù dídán. Ẹ gun 300 ní wákàtí kan lọ sókè. Ní nǹkan bíi 780, èérún á lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì lè fi ìka mọ gbogbo ọ̀gbun àti òkè rẹ̀. Èyí ló dára jù fún Zuma. Ní 830, gbogbo rẹ̀ á tẹ́jú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 síbi tí ẹ bá yàn. Ààrò kò jọra, nítorí náà ẹ fojú inú ihò ìwòran wò ó, pẹ̀lú awò tó ń dáàbò bo ojú: tí orí èérún bá ti yípo tí ó sì ń dán bí omi, ó ti tó.

Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wálẹ̀ sí 550. Ẹ má ṣí i. Ẹ dá iná padà, kí ó dúró ní 550 fún wákàtí kan. Ìsinmi dígí nìyí, níbi tí inú àti ojú rẹ̀ ti ń di ìwọ̀n ooru kan náà. Lẹ́yìn rẹ̀, 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí dé 400, kí ẹ tó pa á pátápátá. Ẹ lọ sùn. Kò gbọdọ̀ ṣí kí ó tó wálẹ̀ sí 50.

Bí iná bá lọ kí ó tó dé 500, ẹ bo ìdérí, ẹ dúró, tó bá dé ẹ tún fi 150 gùn ún láti ibi tó bá wà. Bó bá lọ lókè 700, ẹ má fọwọ́ kàn án. Yóò wálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí iná bá dé ẹ tún fi 150 gbé e dé 680 kí ẹ tó yára. Èyí tó burú jù ni kí ó lọ nígbà ìsinmi. Ààrò kékeré kì í pẹ́ tutù. Tó bá ti jìn sí 550, ẹ gbé e padà síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì ka wákàtí kan náà látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ibi tó dé.

Tí ẹ bá ṣí i tí kò rí bí ẹ ṣe fẹ́

Dígí tó sán máa ń sọ ìgbà tó sán. Ẹ fi èékánná fa etí ibi tó ya. Bó bá mú bí abẹ, ìgbà tó ń tutù ló sán: ìsinmi kò tó tàbí ẹ ṣí ààrò láìtọ́jọ́. Bí etí náà bá yípo tó sì dán, ó ti sán nígbà tó ń gòkè, iná wá yọ́ etí rẹ̀. Ẹ dín 150 kù sí 100 nígbà mìíràn. Bí ìlà náà bá rọra tẹ̀ lé ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, àwọn dígí náà kò bára mu, kò sí iná tó lè tún un ṣe.

Èérí eérú tàbí dúdú jẹ́ karo tó pọ̀ tàbí ìdérí tí ẹ tètè pa. Ihò jẹ́ ìdí tó tinrin. Bí ojú bá ṣú bí dígí tí wọ́n fi yanrìn fọ̀, ó pẹ́ jù láàárín 700 sí 760, tàbí kí èérún ní ìdọ̀tí; ẹ lè fi pépà yanrìn olómi ha á, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un sun, ó máa ń dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Káólìn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́.

Gbígbé e kọ́

Nísinsìnyí ni gọ́ọ̀mù gidi tó wọlé. Sílíkónì mímọ́ gaara tí àwọn oní fèrèsé ń lò ló ń di dígí mọ́ igi, torí ó máa ń fà díẹ̀ nígbà tí igi bá ń wú tí ó sì ń súnkì láàárín ọyẹ́ àti òjò. Gọ́ọ̀mù líle kì í fà, dígí ni yóò yọ. Ẹ fi sípíríìtì nu ẹ̀yìn, ẹ fún sílíkónì bí ìlà tó nípọn tó mìlímítà 3 ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìlà kan láàrin, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ láìgbé e dúró fún wákàtí 24. Bí ojú fèrèsé lẹ fẹ́ gbé e kọ́ sí, ẹ fi ẹnu dáyámọ́ńdì lu ihò méjì lókè, kí omi máa ṣàn sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń lu, kí ihò kọ̀ọ̀kan sì jìn sí etí tó sẹ̀ǹtímítà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ya jáde nígbà tí ẹ bá so wáyà mọ́ ọn.